Àjàrà Tí Ó Sọ Orúkọ Rẹ̀ Nù

Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí ohun kan tí púpọ̀ nínú wa kò gbìn rí, tí ọ̀pọ̀ kò sì tọ́ wò rí. Ó dá lórí irú èso àjàrà kan tí a fi ń ṣe wáìnì funfun. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò máa wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Kí ni ti àjàrà ti jẹ́ nínú ọ̀rọ̀ àwa ọmọ ilẹ̀ ọ̀pẹ?" Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Àjàrà tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí rìn jìnnà. Ó ti etí odò kan ní ilẹ̀ Faransé dé ìpẹ̀kun Áfíríkà ní ìhà gúúsù. Ó sọ orúkọ rẹ̀ nù lọ́nà. Wọ́n sọ ọ́ di ìránṣẹ́ lásán ní ibi tí ó dé. Ó sì pẹ́ gan-an kí a tó mọ ẹni tí ó jẹ́. Ẹ ó sì rí i, kí n tó dákẹ́, pé kì í ṣe àjàrà nìkan ni ó sọ orúkọ rẹ̀ nù ní ilẹ̀ náà. Èmi kò wá polówó ọtí fún ẹnikẹ́ni. Ìtàn ni mo wá sọ.

Chenin Blanc ni àwọn ará Faransé ń pe àjàrà yìí. "Blanc" ní èdè wọn ni funfun, nítorí pé èso rẹ̀ kì í dúdú, kì í sì í pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ó bá gbó. Àwọ̀ ewé tútù tí ó fẹ́ máa di wúrà ni ó máa ń ní.

Kí ọ̀rọ̀ mi lè yé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí omi àjàrà ti ń di ọtí. Ẹni tí ó bá mọ ẹmu kò ní í pẹ́ lóye rẹ̀. Nígbà tí ẹmu bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí ọ̀pẹ sọ̀kalẹ̀, dídùn ni. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀, a máa hó, adùn rẹ̀ a máa lọ, agbára rẹ̀ a sì máa pọ̀ sí i. Bákan náà ni ti àjàrà. Ṣúgà wà nínú omi rẹ̀. Ìwúkàrà, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí i, ni í máa jẹ ṣúgà náà, tí í sì í sọ ọ́ di ọtí. Bí ìwúkàrà bá jẹ ṣúgà náà tán, wáìnì kò ní í dùn mọ́. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá dúró kí ṣúgà tó tán, wáìnì yóò dùn. Ohun kejì tí ó yẹ kí a mọ̀ ni kíkan. Gbogbo èso ni ó ní kíkan tirẹ̀. Kíkan ni kì í jẹ́ kí adùn wáìnì sú ẹni tí ń mu ún, òun náà ni ó sì máa ń pa wáìnì mọ́ tí kì í fi í tètè bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ àjàrà ni kíkan rẹ̀ máa ń lọ bí oòrùn bá mú jù. Ti Chenin kì í tètè lọ. Ẹ mú èyí dání, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ tí a ó fi ṣí gbogbo ìtàn yìí.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé rẹ̀. Odò Loire ni ó gùn jù lọ ní ilẹ̀ Faransé. Gígùn rẹ̀ lé ní 1,000 kìlómítà. Ó ń ṣàn lọ sí ìwọ̀ oòrùn títí ó fi wọ òkun Àtìláńtíìkì. Ní etí odò yìí, ní agbègbè méjì tí à ń pè ní Anjou àti Touraine, ni Chenin ti ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. François Rabelais, oníṣègùn àti òǹkọ̀wé tí a bí nítòsí ìlú Chinon ní agbègbè náà, dárúkọ rẹ̀ nínú Gargantua, ìwé apanilẹ́rìn-ín rẹ̀ tí ó jáde ní nǹkan bí ọdún 1534. Kì í tilẹ̀ ṣe fún mímu ni ó fi dárúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Olùṣọ́-àgùntàn kan ni wọ́n fi pàṣán nà lẹ́sẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi èso Chenin tí ó tóbi wẹ ojú ọgbẹ́ náà fún un títí ó fi san. Ìwé ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé ní ayé ìgbà náà, èso tí gbogbo ará oko mọ̀ ni Chenin.

Ilẹ̀ tútù ni etí odò Loire. Chenin máa ń tètè rúwé, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó gbó. Nítorí náà, ìrì dídì lè pa ewé rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, òjò sì lè ba èso rẹ̀ jẹ́ ní ìgbà ìkórè. Ọdún kan kò lè jọ èkejì. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kò fi èyí ṣe ẹkún. Ohun tí ọdún bá gbé wá ni wọ́n ń fi ṣe wáìnì.

Ní Vouvray, ní ẹ̀gbẹ́ ìlú Tours, òkúta funfun tí ó rọ̀ bí ẹfun ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ti ń gbẹ́ òkúta yìí tipẹ́tipẹ́ láti fi kọ́ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì àti ààfin. Ihò tí ó ṣẹ́kù nínú òkè ni wọ́n sọ di ibi ìpamọ́ wáìnì, nítorí pé tútù ibẹ̀ kì í yí padà, ìbáà ṣe ìgbà ooru, ìbáà ṣe ìgbà òtútù. Bí oòrùn kò bá mú ní ọdún kan, tí èso sì kan jù, wọn a fi ṣe wáìnì tí ń hó nínú ìgò. Bí oòrùn bá mú níwọ̀nba, wọn a ṣe èyí tí kò dùn, tàbí èyí tí ó dùn díẹ̀. Bí oòrùn bá sì mú dáadáa, bí ó ti rí ní ọdún 1947, wọn a ṣe èyí tí ó dùn bí oyin. Wáìnì Vouvray ti ọdún 1947 di olókìkí láàrin àwọn tí ó mọ ọtí, nítorí pé lẹ́yìn àádọ́ta ọdún, kò tíì kú nínú ìgò. Adùn nìkan kò lè ṣe èyí; kíkan tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni ó pa á mọ́.

Bí a bá bá odò náà sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìtòsí ìlú Angers, ilẹ̀ yóò yí padà. Òkúta ẹfun ti tán. Òkúta dúdú pẹlẹbẹpẹlẹbẹ ni ó kù, tí ń gba ooru sára ní ọ̀sán. Savennières wà ní etí odò ní apá àríwá. Láti àwọn ọdún 1100 ni àwọn mọ́ńkì ti gbin àjàrà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ibẹ̀. Wáìnì Savennières kì í sábà dùn bí ṣúgà. Ó le, ó gbẹ lẹ́nu, ó sì dàbí àgbàlagbà tí kì í tètè bá àlejò rẹ́rìn-ín; ó fẹ́ kí a fún òun ní ọdún bíi mélòó kan kí ó tó tú inú rẹ̀ jáde.

Ní apá gúúsù odò kan náà, níbi tí odò kékeré kan tí ń jẹ́ Layon ti ń ṣàn, ọ̀rọ̀ tún yàtọ̀. Ní òwúrọ̀ ìgbà ìkórè, kùrukùru a gbéra láti inú odò, a sì bo ọgbà àjàrà mọ́lẹ̀. Tí ó bá di ọ̀sán, oòrùn a là, a sì gbá kùrukùru lọ. Nínú ọ̀rinrin àti ooru yìí ni ohun kan tí ó jọ èyí tí ń mú búrẹ́dì bu máa ń mú èso àjàrà. Botrytis ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní èso ti bàjẹ́, yóò sì kó o dànù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń lu awọ èso náà ní ihò wẹ́wẹ́, omi inú rẹ̀ ń gbẹ, ṣúgà àti kíkan rẹ̀ sì ń ki sí i. Gbogbo èso kì í dé ojú ìwọ̀n yìí ní ọjọ́ kan náà. Nítorí náà, àwọn olùkórè a máa padà sínú ọgbà kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ní ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn a máa ṣa ìwọ̀nba tí ó bá ti tó. Ní agbègbè Layon yìí ni ilẹ̀ kékeré kan wà tí ń jẹ́ Quarts de Chaume. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́ ìtàn, nítorí pé láti inú ìdá mẹ́rin ìkórè tí àwọn àgbẹ̀ ní láti fún onílẹ̀ ní ìgbà àtijọ́ ni ó ti wá. Ìdá tí ó dára jù lọ sì ni onílẹ̀ ń yàn.

Ẹ ṣàkíyèsí, ẹ̀yin olùgbọ́ mi: irúgbìn kan ṣoṣo, odò kan ṣoṣo, síbẹ̀ wáìnì tí ń hó, wáìnì tí kò dùn, wáìnì tí ó dùn díẹ̀ àti wáìnì tí ó dùn bí oyin ni ó ti ibẹ̀ jáde. Ilẹ̀, ojú ọjọ́ àti sùúrù àwọn olùkórè ni ó fa ìyàtọ̀ náà.

Àwọn tí ó gbé wáìnì Anjou dé ọjà ayé ni àwọn oníṣòwò ilẹ̀ Họ́láńdì. Láti àwọn ọdún 1500 títí wọ inú àwọn ọdún 1600 ni wọ́n ti ń mú ọkọ̀ wọn gòkè odò Loire wá ra wáìnì funfun. Èyí tí ó dùn, tí ó sì lè la òkun já láìbàjẹ́, ni wọ́n fẹ́. Ẹ jẹ́ kí a bá àwọn ará Họ́láńdì yìí wọ ọkọ̀, nítorí pé ọ̀nà ọkọ̀ wọn ni yóò gbé ìtàn wa dé Áfíríkà.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1652, Jan van Riebeeck gúnlẹ̀ sí Cape, ní ìpẹ̀kun gúúsù Áfíríkà. Ilé-iṣẹ́ Òwò Ìlà-Oòrùn ti Họ́láńdì ni ó rán an. Kì í ṣe pé ó wá dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ó wá gbin ẹ̀fọ́, kí ó sì wá ẹran àti omi fún àwọn ọkọ̀ tí ń lọ sí Íńdíà àti Jáfà. Ní ọdún 1655, ó gbin àjàrà. Ní ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 1659, ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́ sí Ọlọ́run pé a ti fún wáìnì láti inú àjàrà Cape fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọjọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ìwé fi ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn wáìnì ilẹ̀ náà, ó sì jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọjú sí ẹnìkan, ẹ̀yìn ni ó kọ sí ẹlòmíràn. Ilẹ̀ tí wọ́n gbin àjàrà náà sí kò ṣàìní ẹni tí ó ni ín. Àwọn Khoikhoi ni wọ́n ń da ẹran wọn níbẹ̀. Ní ọdún 1659 kan náà ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin wọn àti àwọn ará Họ́láńdì nítorí ilẹ̀ ìjẹko tí a ń gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ tí ń ṣiṣẹ́ nínú oko náà sì ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1658, ọkọ̀ méjì kó ẹrú dé Cape. Àwọn tí Amersfoort kó dé jẹ́ ọmọ Àǹgólà. Ọkọ̀ kejì, tí ń jẹ́ Hasselt, kó ènìyàn tí ó lé ní 200 dé láti èbúté Popo. Popo yìí kò jìnnà sí wa, ẹ̀yin ará mi. Etíkun ilẹ̀ tí ó di orílẹ̀-èdè Benin ni, nítòsí Ouidah, ní ìhà ibi tí oòrùn wa ń wọ̀ sí. Èmi kò sọ pé Yorùbá ni wọ́n. Ohun tí mo sọ ni pé nígbà tí van Riebeeck ń dúpẹ́ lórí ife wáìnì àkọ́kọ́, àwọn ènìyàn tí a kó láti ẹkùn ilé wa ti wà ní Cape fún bí oṣù mẹ́sàn-án.

Kí ni orúkọ wọn? Níbí ni ọ̀rọ̀ ti wúwo. Ní ilẹ̀ wa, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Cape, àwọn tí ó ra ènìyàn kò wo ilé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń fún ẹrú ní orúkọ inú Bíbélì, tàbí ti àwọn òrìṣà Róòmù, tàbí kí wọ́n fi orúkọ oṣù pè é: ọ̀kan February, ọ̀kan April, ọ̀kan September. Wọn a wá fi orúkọ ibi tí a gbà pé ó ti wá kún un, bíi "ti Àǹgólà" tàbí "ti Bengal", bí ẹni tí ń kọ orúkọ sára ẹrù. Lẹ́yìn wọn ni a tún kó àwọn mìíràn dé láti Madagásíkà, Mòsáńbíìkì, Íńdíà àti àwọn erékùṣù ìlà oòrùn. Títí di ìgbà tí òfin Gẹ̀ẹ́sì fi òpin sí ẹrú níní ní Cape ní ọdún 1834, tí ìsìnrú tí wọ́n fi ìkọ́ṣẹ́ bò lójú sì tán ní ọdún 1838, ọwọ́ àwọn wọ̀nyí àti àwọn Khoikhoi ni ó ń tọ́jú ọgbà àjàrà.

Ní ọdún 1685, Louis Kẹrìnlá, ọba Faransé, fagi lé òfin tí ó fún àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ní ààyè láti sìn. Ìlú Nantes, tí ó wà lórí odò Loire kan náà tí a ti ń sọ, ni wọ́n ti fi ọwọ́ sí òfin náà ní ọdún 1598. Ọ̀pọ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì sá kúrò nílùú, nǹkan bí 150 sí 200 nínú wọn sì gúnlẹ̀ sí Cape láti ọdún 1688, tí wọ́n tẹ̀dó sí Franschhoek àti Drakenstein. Àwọn kan nínú wọn mọ iṣẹ́ àjàrà, iṣẹ́ náà sì gbòòrò sí i.

Láàrin àwọn àjàrà tí ó gbilẹ̀ ní Cape ni ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Steen, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Họ́láńdì ń jẹ́ òkúta. Kò sí ẹni tí ó rántí ilé rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé ọmọ ibẹ̀ ni. Ohun tí àgbẹ̀ mọ̀ nípa Steen ni pé ó ń so púpọ̀, àti pé oòrùn Cape kò lè gba kíkan rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo iṣẹ́ ni wọ́n ń rán an. Wọ́n fi ṣe ọtí dídùn, wọ́n fi ṣe wáìnì tí a fi ọtí líle kún, wọ́n sè é di bùrándì. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ àjàrà dá ẹgbẹ́ ńlá wọn, KWV, sílẹ̀ ní ọdún 1918, ìṣòro wọn ni pé wáìnì pọ̀ ju ẹni tí yóò rà á lọ. Òfin ọdún 1924 fún ẹgbẹ́ náà lágbára láti máa dá iye owó lé wáìnì tí a ó sè di ọtí líle. Níbi tí a bá ti ń sanwó nítorí ọ̀pọ̀, ta ni yóò ṣe làálàá nítorí dídára? Ohun tí àwọn ará Layon ń ṣa ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, apẹ̀rẹ̀ ńláńlá ni Cape fi ń kó o lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní àwọn ọdún 1950, ọ̀nà tuntun dé: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ láti mú omi àjàrà tutù nígbà tí ó bá ń hó, kí òórùn dídùn èso má bàa bá ooru lọ. Èyí bá Steen mu. Ní ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ Stellenbosch Farmers' Winery gbé wáìnì kan jáde tí ń jẹ́ Lieberstein, tí ó dùn díẹ̀, tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Steen wà nínú rẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, nǹkan bí 30,000 lítà ni wọ́n tà. Ní ọdún 1964, ó ti di mílíọ̀nù 31 lítà. Steen ti wà lórí tábìlì gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún un.

Kí ni ó kan àwọn òṣìṣẹ́ nínú ọjà ńlá yìí? Láti ayé ẹrú ni àṣà kan ti wà ní oko àjàrà Cape tí wọ́n ń pè ní "dop": wọn a máa bu wáìnì olówó pọ́ọ́kú fún lébìrà ní ìgbà mélòó kan lójúmọ́, gẹ́gẹ́ bí apá kan owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ ronú sí i: kí a fi ohun tí ènìyàn fi òógùn ojú rẹ̀ ṣe san owó iṣẹ́ fún un, kí ó sì jẹ́ ohun tí yóò so ó mọ́ oko náà. Òfin dé tí ó kọ àṣà yìí ní àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó tán. Àwọn oníṣègùn tí ó ṣe ìwádìí ní agbègbè àjàrà Western Cape sì rí i lẹ́yìn náà pé iye àwọn ọmọ tí ọtí ti ṣe ní ìjàǹbá láti inú oyún ìyá wọn níbẹ̀ wà lára èyí tí ó pọ̀ jù lọ ní ayé. Ìwé tí ó bá sọ ìtàn wáìnì Cape, tí kò sọ èyí, kò tíì sọ ìtàn tán.

Nígbà tí ó di ọdún 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n C. J. Orffer ti Yunifásítì Stellenbosch fi ewé Steen wé ewé àjàrà odò Loire. Ó rí i pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Chenin Blanc ni Steen! Ìránṣẹ́ tí wọ́n ń rán ní gbogbo iṣẹ́ jẹ́ ọmọ ilé Vouvray àti Savennières, ọmọ ìyá kan náà pẹ̀lú wáìnì tí àwọn olówó Yúróòpù ń tọ́jú fún àádọ́ta ọdún.

Ẹ wo ọdún náà dáadáa. Ní ọdún 1965, ìjọba apartheid ni ó wà lórí oyè ní Gúúsù Áfíríkà. Láti ọdún 1950 ni òfin ti wà níbẹ̀ tí ń kọ olúkúlùkù sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ara rẹ̀. Ní ọdún 1956, wọ́n yọ àwọn tí wọ́n ń pè ní Coloured ní Cape kúrò nínú ìwé àwọn olùdìbò gbogbogbòò. Púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí jẹ́ ọmọ ọmọ àwọn ẹrú àti àwọn Khoikhoi tí ó tọ́jú àjàrà náà. Nítorí náà, orílẹ̀-èdè tí ó wá ìdílé àjàrà rí, tí ó sì dá orúkọ rẹ̀ padà fún un, kan náà ni ó ń fi ìdílé àwọn ènìyàn rẹ̀ dí ọ̀nà mọ́ wọn. Àjàrà rí iyì gbà. Àgbẹ̀ tí ń rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ kò rí i gbà.

Àyípadà dé ní ọdún 1994, nígbà tí gbogbo ènìyàn dìbò. Ọjà ayé ṣí sílẹ̀ fún wáìnì Gúúsù Áfíríkà, ṣùgbọ́n ohun tí ọjà náà kọ́kọ́ béèrè ni àwọn àjàrà mìíràn tí orúkọ wọn ti lókìkí. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ọgbà àjàrà ilẹ̀ náà ni Chenin gbà ní ọdún 1990. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú u, ó sì wá dín sí ìdá kan nínú márùn-ún tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, Chenin tí ó wà ní Gúúsù Áfíríkà ṣì pọ̀ ju èyí tí ó wà ní ilẹ̀ Faransé tí a ti bí i.

Àwọn kan ni kò jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ Chenin Blanc sílẹ̀ ní ọdún 2000. Rosa Kruger, obìnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ àjàrà, bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri oko láti wá àwọn àjàrà arúgbó kàn. Ní ọdún 2016, ètò tí ń jẹ́ Old Vine Project fìdí múlẹ̀. Láti ọdún 2018 ni ìgò wáìnì tí ó bá ti inú ọgbà tí ó tó ọdún 35 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde ti lè gba èdìdì tí a kọ ọdún ìgbìn sí. Chenin ni ó pọ̀ jù lọ nínú àwọn àjàrà arúgbó wọ̀nyí. Gbòǹgbò wọn ti jìn nílẹ̀. Èso wọn kò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ki.

Báwo ni wáìnì wọn ti rí? Ní Swartland, níbi tí igi àjàrà kúkúrú ti ń dá dúró láìsí òpó, tí a kì í sì í sábà bomi rin ín, ó le, ó kún ẹnu, iyọ̀ díẹ̀díẹ̀ sì dàbí ẹni pé ó wà nínú rẹ̀. Ní Stellenbosch àti Paarl, àwọn kan ń fi sínú àgbá igi títí yóò fi ní òórùn oyin àti èso gbígbẹ. Àwọn mìíràn sì ń tà á ní tútù, ní ọdún kan náà tí wọ́n kórè rẹ̀, fún ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ. Kò jọ ti Vouvray, kò sì jọ ti Layon. Kò tilẹ̀ yẹ kí ó jọ wọ́n. Oòrùn Cape kọ́ ni oòrùn Loire. Ṣùgbọ́n kíkan tí ó pa ìgò ọdún 1947 mọ́ ni ó wà nínú rẹ̀ títí di òní.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n kó ọ̀rọ̀ mi jọ. Ohun tí a ń pè ní olówó pọ́ọ́kú kì í sábà jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ilé ìyá rẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà lò ó ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Chenin tí wọ́n ń tọ́jú ní etí Loire kò yàtọ̀ sí Steen tí wọ́n ń fi apẹ̀rẹ̀ kó. Nígbà tí a mọ orúkọ rẹ̀, tí a sì fún un ní sùúrù, iyì rẹ̀ padà. Bí èyí bá jẹ́ òótọ́ nípa igi, mélòó mélòó ni ti ènìyàn?

Títí di òní, ọwọ́ àwọn aláwọ̀ funfun ni púpọ̀ jù lọ nínú ọgbà àjàrà Cape ṣì wà, àwọn ìdílé tí ń jẹ́ February, April àti September sì ṣì ń gbé ní agbègbè náà. Irú orúkọ yìí ni Dulcie September ń jẹ́, ọmọ Cape Town tí a kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́, tí ó ṣe ẹ̀wọ̀n nítorí òmìnira, tí ó sì di aṣojú ẹgbẹ́ ANC ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1988, wọ́n yìnbọn pa á ní ìlú Paris, ní ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀. Àwọn baba ńlá àjàrà Cape ti ilẹ̀ Faransé wá, ọmọ Cape sì kú sí ilẹ̀ Faransé kí àwọn ènìyàn rẹ̀ lè ní ẹ̀tọ́. Ó sọ orúkọ oṣù náà di orúkọ tí a ń bọ̀wọ̀ fún.

Fún ewé Steen, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó láti fi ewé wé ewé. Fún àwọn tí ọkọ̀ Hasselt kó láti Popo, kò sí ewé tí a lè fi wé. Àwa tí ilé wa sún mọ́ ilé wọn ni ó yẹ kí a máa rántí pé wọ́n ní orúkọ kí ọkọ̀ náà tó dé.